Àwọn Sẹ́ẹ̀lì Tó Kọ̀ tí Wọn Ò Kú

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Oníṣirò mọ́. Orúkọ tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti mọ́ ọn lára. Nínú ìfun ènìyàn, àwọn kòtò kéékèèké wà tí ojú lásán kò lè rí. Ìsàlẹ̀ kòtò ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun, ìyẹn ẹyọ kínkín tí a fi mọ ara. Wọ́n á máa ti ara wọn gòkè, bí wọ́n bá sì dé ẹnu kòtò, wọ́n á já bọ́, wọ́n á kú. Iṣẹ́ Oníṣirò ni láti fi ìṣirò ṣe irú kòtò bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Nínú kòtò gidi, nǹkan bí irínwó sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ kà. Ti Oníṣirò ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀gá rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: bí iye náà kò bá bá ti kòtò gidi mu títí ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ló máa gba iṣẹ́ náà.

Ó dín ìbí kù sí ìdajì, síbẹ̀ wọ́n ń pọ̀. Ó ka gbogbo ìlà ìtọ́ni tó kọ fún kọ̀ǹpútà láti òkè délẹ̀, kò rí nǹkan kan.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó ń ránṣọ.

"Kí ni gbogbo ohun róbótó-róbótó yìí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Sẹ́ẹ̀lì ni, Màámi. Kòtò wọn rí bíi kọ́ọ̀pù, mo wá là á lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Èyí tó bá gba òsì jáde á gba ọ̀tún wọlé."

"Bí ìgbà tí mo tú apá aṣọ. Èyí tó gba òkè jáde ńkọ́?"

"Á gba ìsàlẹ̀..." Oníṣirò fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra.

"O rán ọrùn ọwọ́ mọ́ èjìká? Ibo lẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á ti kọwọ́ bọ̀ ọ́, ọmọ mi?"

Ìlà kan ṣoṣo ló so etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Àwọn tó yẹ kí wọ́n kú lókè ń padà sísàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó tú òkè kúrò lára ìsàlẹ̀. Iye náà wálẹ̀, ó dúró sórí irínwó lé márùn-ún.

Ó rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rántí pé ìbí ṣì wà ní ìdajì tí òun dín in kù sí. Ó dá a padà sí bó ṣe wà. Iye náà gòkè di ẹgbẹ̀ta. Èwo wá ni òótọ́?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé iye méjèèjì síwájú ọ̀gá.

"Ṣebí irínwó ti bára mu," ni ọ̀gá wí. "Kí ni ẹgbẹ̀ta yìí ń wá níbí?"

"Èmi ni mo kàn dín ìbí kù fúnra mi kó tó bára mu, sà. Mi ò mọ ìdí tí ìdajì fi bá a mu."

Ọ̀gá fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀.

"Jókòó. Fi ibi tó o ti dín in kù hàn mí."