Ẹkún Tí Àmọ̀kẹ́ Sun ní Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sábẹ́ àgọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ ará àdúgbò wa kan. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, oorun sì ń kùn mí, ni mo bá gbọ́ ẹkún ìyàwó láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo gbójú sókè. Kì í ṣe ìyàwó ló ń sun ún. Obìnrin kan tí wọ́n háyà ni, ó gbé máìkì lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì dùn, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ìyàwó fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga ńlá, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, wọ́n ń yà á ní fọ́tò. Nígbà tí obìnrin náà dé ibi tó yẹ kó ti ki bàbá ìyàwó, ó gbé máìkì kúrò lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sétí ẹnì kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ibo tiẹ̀ ni wọ́n?" Wọ́n dá a lóhùn, ó sì ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

N kò bínú. Mo ti dàgbà ju kí n máa bínú síbi ìnáwó olówó. Ó kàn rẹ̀ mí ni, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí lè máa rò pé arúgbó ló ń ráhùn. Arúgbó ló ń ráhùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi Àmọ̀kẹ́ fún yín, ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sun ẹkún tirẹ̀, tó sì ṣì í sun.

Agboolé kan náà la dàgbà sí ní Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Agboolé náà tóbi, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Òórùn aró kì í kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn lójò, nítorí aṣọ híhun àti aṣọ rírẹ niṣẹ́ àwọn ìyá wa. Àwa mẹ́ta la jọ ń rìn: Àmọ̀kẹ́, Fúnmi àti èmi. Tí wọ́n bá rán ọ̀kan nínú wa níṣẹ́, gbogbo wa la ó lọ, a ó jọ pẹ́ níbẹ̀, a ó sì jọ jẹgba. A máa ń fi ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti jẹ tán ṣe ìyàwó, a ó fi àkísà wé gèlè fún un, Àmọ̀kẹ́ ni yóò sì máa bá a sunkún. Ó mọ ẹkún sun láti kékeré. Fúnmi a máa ní ìyàwó yìí kò kúkú ní ojú tí omi máa gbà jáde.

Ìyá kò sí fún Àmọ̀kẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá rẹ̀ kú sí. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, òun là ń pè ní Ìyá Àgbà, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn ahunṣọ agboolé wa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀. Gánà ló ti ń ṣòwò nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀. Nígbà tó padà wálé, ó wá mú ọmọ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rántí, nítorí èmi àti Àmọ̀kẹ́ ti sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà ní òun kò ní fi ẹyọ ọmọ kan tí ọmọ òun fi sílẹ̀ tọrẹ. Ohùn wọn gòkè. Kí ọkùnrin náà tó lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo agboolé gbọ́, ó ní, "Ọjọ́ tí ọmọ yìí bá mọ̀ pé òun ní bàbá, kó máa bọ̀." Láti ọjọ́ náà, kò wá mọ́. Àmọ̀kẹ́ kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. A lè jókòó máa ta ayò, kó kàn ṣàdédé bi mí pé, "Ṣé ìwọ rò pé ó ṣì ń retí mi?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di ọmọge. Fúnmi ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, èmi wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, Àmọ̀kẹ́ dúró ti Ìyá Àgbà nídìí òfì. Kò pẹ́ ni tíṣà kan tó ń jẹ́ Ráímì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú agboolé wa kọjá lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ilé rẹ̀ kò gba ibẹ̀ rárá. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì òun àti Àmọ̀kẹ́. Ìlú le nígbà náà. Ẹni tó bá ti gbọ́njú yóò rántí bí gbogbo nǹkan ṣe ń wọ́n sí i, tí àwọn tíṣà ń ṣiṣẹ́ láìrí owó oṣù gbà. Léèsì ti di ohun tí à ń fi ojú lásán wò lọ́jà. Àmọ̀kẹ́ ní kò burú, òun kò tiẹ̀ fẹ́ ìnáwó tí gbogbo ìlú máa wá jẹ. Èyí tí ọwọ́ wa bá ṣe lòun fẹ́, kí àwọn tó fẹ́ràn òun nìkan sì wá síbẹ̀.

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ gbọ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe eré. Òwú la kọ́kọ́ ran, títí ìka wa fi bó. Ìyá Àgbà fi òfì rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ó ń kọ́ wa, ó sì ń bú wa: "Aṣọ lẹ̀ ń hun ni, àbí àwọ̀n ẹja?" A rẹ aṣọ náà láró, aró sì rẹ àwa náà, ọwọ́ wa dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ yẹn ni mò ń gbé lọ sí kíláàsì, tí olùkọ́ wa kan fi bi mí bóyá ara mi yá. Fúnmi ń rán búbà ìyàwó ní àkókò tí ọ̀gá rẹ̀ bá lọ jẹun ọ̀sán, ó ń fi ojú kan wo ẹ̀rọ, ó ń fi ìkejì wo ẹnu ọ̀nà. Káàdì ìpè kò sí. Ẹsẹ̀ la fi pe èèyàn, láti ilé dé ilé, ibi tí a bá sì dé, wọ́n á ní ká jókòó, wọ́n á bi wá léèrè ọkọ títí omi tí wọ́n bù fún wa á fi gbóná. Ó rẹ̀ wá débi pé a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Fúnmi ní tó bá kan tòun, òun á kàn gbé àpótí òun lọ bá ọkọ ni, kó tán síbẹ̀.

Àlùfáà ló wá tú ọ̀rọ̀ tí a ti ń yẹra fún jáde. Ó ní bàbá ọmọ wà láyé, kò sì jìnnà. Òun kò ní so yìgì ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ìyá Àgbà gbé òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ lọ bá a." Wọ́n rán àgbàlagbà kan sí Ògbómọ̀ṣọ́, èsì tó mú bọ̀ kò sì ju pé kí ọmọ náà wá fúnra rẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, kí ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ, yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, yóò fi ohùn arò sunkún, yóò ki orílẹ̀ bàbá rẹ̀, bàbá yóò sì gbé ọwọ́ lé e lórí, yóò ṣàdúrà fún un. Àwọn àlùfáà kan kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò gbà fún wọn. Ẹkún yìí ni Àmọ̀kẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní tí òun bá sun ún dáadáa, bàbá òun yóò mọ̀ pé òun mọ̀ pé òun ní bàbá. Ìyá Àgbà kọ́ ọ nídìí òfì. Èmi àti Fúnmi náà mọ̀ ọ́n lórí, à ń bá a gbè é. Ó dùn. Kò sì sí èyí tó fura nínú wa, nítorí oríkì tó wà nínú ẹkún náà ni à ń gbọ́ láràárọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa.

Àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ Píjò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó náà. A di àádùn, a sì di aṣọ kan tí a hun fún bàbá.  Lójú ọ̀nà, Àmọ̀kẹ́ ń fi ọwọ́ aláró rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìborùn, ó ní kí bàbá òun má baà rò pé ìyà ló ń jẹ òun.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti bá ọkùnrin náà, lórí àga onípákó. Ó ti hewú, kò sì ga tó bí mo ṣe ń rò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alátẹ, jókòó tì í, àwọn obìnrin ilé kún àgbàlá. Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé ohùn sókè:

"Bàbá mi, mo dé o, ọmọ tí ẹ bí tí ẹ ò wò dàgbà,
Mò ń relé ọkọ, ẹ fọwọ́ kàn mí lórí kí n tó lọ,
Ẹni tó lọ tí ò kí bàbá rẹ̀, ta ni yóò pè bọ́nà bá ṣókùnkùn?"

Àwọn obìnrin ti ń nujú. Bàbá tẹ orí ba. Àmọ̀kẹ́ wá dé ibi oríkì, ó fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ kì í: ó kì í ní ọmọ Ọ̀pómúléró, ọmọ aláṣọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kì wá ní Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń nujú gbójú sókè. Ọmọ Ìkòyí ni wọ́n nílé yẹn, ọmọ Ẹ̀ṣọ́, ọmọ jagunjagun. Ilé tiwa ni Ọ̀pómúléró. Orílẹ̀ ìyá rẹ̀ ló fi ń ki bàbá rẹ̀.

Ìyá Alátẹ ló kọ́kọ́ lanu. "Ta ni ọmọ yìí ń kì? Ìyá tó tọ́ ọ yẹn tún ti ṣe é!" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára gbé e mì. Àmọ̀kẹ́ ti dá oríkì náà dúró. Ó ti yé e. Ẹkún tó jáde lẹ́nu rẹ̀ wàyí, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Bàbá dìde, ó wọlé. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí, pé kò sí yìgì mọ́, pé òfo ni gbogbo làálàá wa já sí. Fúnmi di ọwọ́ mi mú pinpin.

Bàbá tún jáde. Fìlà ló lọ dé. Kò padà sórí àga, orí ẹní ló jókòó sí níwájú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Má sunkún mọ́. Wọn ò kọ́ ẹ ni. Èmi ló yẹ kí n ti kọ́ ẹ. Tẹ̀ lé mi." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ rí: bàbá arúgbó tó ń fi ohùn ẹkún ìyàwó ki orílẹ̀ ara rẹ̀, tí ọmọ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dáa rárá. Nígbà tó dé àárín, òun náà gbàgbé. Ó ti pẹ́ jù ní Gánà. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Alátẹ ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ò kúkú mọ̀ ọ́n," ó bá gbà á lẹ́nu wọn, gbogbo àgbàlá sì gbè é. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nígbà tí ó parí, bàbá gbé ọwọ́ lé Àmọ̀kẹ́ lórí, ó ṣàdúrà títí. Ìborùn ti yọ̀ bọ́, ó rí ọwọ́ aláró yẹn, ó sì dì í mú, kò tètè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ọ̀yọ́, Ìyá Àgbà béèrè bó ṣe lọ. Àmọ̀kẹ́ ní ó lọ dáadáa, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí Ìyá Àgbà fi kú, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí oríkì kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Mo ti bínú sí i rí, mo sì ti dárí jì í. N kò lágbára èyíkéyìí nínú méjèèjì mọ́. Bàbá wá síbi yìgì, ó wọ aṣọ tí a hun fún un, tí apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ. Àwa ọ̀rẹ́ la se oúnjẹ, àwa la pín in, àwa la fọ abọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa ya fọ́tò, Fúnmi ti sùn lọ lórí àga, bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú fọ́tò náà títí dòní.

Àmọ̀kẹ́ ti lọ báyìí. Fúnmi wà lókè òkun lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, tí a bá sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, orókún wa là ń sọ. Agboolé wa ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ tèmi mọ orúkọ orílẹ̀ wọn, wọn ò mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó lé nǹkan wọ̀nyí lọ. Ó kàn rẹ àwọn tó yẹ kó kọ́ni ni, ó sì rẹ èmi náà.

Ṣùgbọ́n kí Àmọ̀kẹ́ tó lọ, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Ìyá Alátẹ ti ṣáájú rẹ̀ lọ tipẹ́. Wọ́n tẹ́ bàbá, àwọn ìyàwó ilé ń wo ojú ara wọn, kò sí èyí tó lè ki oríkì ilé náà dé òpin nínú wọn. Àmọ̀kẹ́ bọ́ bàtà, ó dúró níbi orí bàbá rẹ̀, ó kì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá rẹ̀ tí kò dáa yẹn gẹ́lẹ́ ló fi kì í. Nígbà tó dé ibi tí bàbá ti gbàgbé lọ́jọ́sí, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún ń bá a lọ títí ó fi parí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé náà rọra bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló kọ́ yín?"

Ó ní, "Bàbá mi ni."