Téèpù Méjì Lórí Aṣọ Kan

"Ìyàwó wa, tètè mú ọmọ yìí kúrò nídìí ìmọ̀ tó ń lépa yẹn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í padà bọ̀ bó ṣe lọ."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, nínú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táíwò Road. Àlájà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n wá kí n wọ̀n wọ́n fún aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ síbi wòlímọ̀ ọmọ ọmọ wọn. Mo ti wọn èjìká, mo ti wọn àyà, mo wà ní ìbàdí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ náà ni ara mi ò ti balẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, torí ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ nìkan ni mo máa ń lè yẹ̀ wò dáadáa.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́.

"Kí ni n ò gbọ́? Ọmọ àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló jókòó sí pálọ̀ mi tó ń rojọ́ fún mi. Ó ní nǹkan kan wà tí àwọn onímọ̀ ayé ń wá tí wọn ò tíì rí, òun náà fẹ́ bá wọn wá a. Mo ní, ta ló sọ ọ́ nù? Ó ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n yí apá wọn kejì sí mi. "Yóò dàgbà sídìí ìwé. Ọkọ ò níí rí i, iṣẹ́ ò níí rí i. Tí fìtínà yẹn bá wá pọ̀ jù, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ lo bí i, ìwọ ni kí o wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹ̀rù yìí wà nínú mi tẹ́lẹ̀. Àlájà kàn fún un ní ẹnu ni.

Èmi ni mo máa ń fi síríńjì wọn oògùn ibà fún ọmọ yìí nígbà tó wà ní kékeré, torí n kò gbà pé ṣíbí kan dọ́gba pẹ̀lú ṣíbí kejì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Fáte, mo rìn láti ẹnu géètì dé kíláàsì rẹ̀, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi, mo sì tún un kà nígbà tí mò ń padà. Òun nìkan ni mo bí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ṣe ìdánwò àṣejáde, ó sì ti kọ fíṣíìsì sínú fọ́ọ̀mù yunifásítì. Èmi ní tèmi, sẹ́kọ́ńdírì ni mo parí kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ.

Fídíò kan lórí fóònù ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń lọ aṣọ ní àárọ̀ Sátidé kan, ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì, obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń kọ nǹkan sójú pátákó bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Kí ni obìnrin yìí ń wá?" ni mo bi í.

"Màámi, ó ń wá ohun tó máa so ìmọ̀ méjì pọ̀."

"Ṣé wọ́n jà ni?"

"Wọ́n jà gan-an."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ìmọ̀ kan wà fún àwọn nǹkan tó kéré jù lọ, àwọn tí ojú wa ò lè rí: átọ́ọ̀mù àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Kúáńtọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ìmọ̀ yìí ní agbára kì í ṣàn bí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, pé ní ẹyọ ẹyọ ló ń wá, bí ìlẹ̀kẹ̀ ojú okùn. Ìmọ̀ kejì wà fún nǹkan ńlá: ilẹ̀, oòrùn, ìràwọ̀, àti ohun tó ń fa gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ìyẹn ní ilẹ̀ ò so okùn mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ohun tó bá wúwo ló ń tẹ àyè àti àkókò tó yí i ká, tí ohun tó bá ń kọjá níbẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e.

"Bí èjìká ṣe ń tẹ aṣọ," ni mo sọ. Mo mọ̀ pé aṣọ pẹlẹbẹ kì í jókòó lórí èjìká tó yípo tí a ò bá kó o jọ níbì kan.

Ó yíjú sí mi kíá. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n!"

"N kò mọ nǹkan kan. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń wá èyí tó máa so wọ́n pọ̀?"

"Ó ti pẹ́. Kí wọ́n tó bí Bàbá Àgbà."

"Wọn ò sì rí i?"

"Wọn ò tíì rí i."

"Tí wọ́n bá rí i, kí ni wọn ó fi ṣe?"

Ó yí aṣọ tó ń lọ padà. "Mi ò tíì mọ̀."

Mo pa áyọ́ọ̀nù.

"Màámi, kí ló dé?"

"Kí o má baà jó ilé wa nítorí ohun tí wọn ò tíì rí."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rín in. N kò lè fi "mi ò tíì mọ̀" wọn ọjọ́ ọ̀la ọmọ. Ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé láàárọ̀, mo mọ aṣọ tí yóò wọ̀. Èyí tó ń wá ohun tí kò sẹ́ni tó rí, ibo ni n óò ti máa retí rẹ̀?

Bí Àlájà ṣe lọ tán lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, n kò sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. N kò pe bàbá ọmọ náà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Abùjá. Ní ọjọ́ Túsìdeé, mo mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọmọ mi nínú àpótí, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Challenge, sí ilé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ tún fọ́ọ̀mù ṣe. Nọ́ńbà fóònù mi ni a fi forúkọ sílẹ̀ fún un, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí fọ́ọ̀mù náà ń wá. Mo ní kí wọ́n yọ fíṣíìsì, kí wọ́n fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí i.

Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ wo ìwé náà, ó wò mí. "Màmá, ṣé ẹni tó ni fọ́ọ̀mù yìí mọ̀ sí i?"

"Èmi ni mo bí i."

"Mo gbà pé ẹ̀yin lẹ bí i. Mo ní ṣé ó mọ̀?"

"Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?"

"Rárá o. Ìyá kan wá ṣe irú èyí lọ́jọ́sí. Ọmọ ẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, èmi ló wá bú, kò bú ìyá ẹ̀."

Síbẹ̀ ó ṣe é. Ó kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni nẹ́tíwọ̀kì lọ. A dúró fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ó ní kí n máa lọ, pé tó bá dé, òun á pè mí.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó jalè. Ọmọ mi ti wà níbẹ̀. Ó ń bá mi rán nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdánwò. Mo ti gé ara aṣọ Àlájà láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé apá rẹ̀, mo gbé e fún un pé kó rán an mọ́ ara aṣọ. Mo jókòó, mo dìde. Mo tún fóònù wò. Mo lọ síta, mo wọlé.

"Màámi, apá yìí ò yí ojú apá ká."

"Fà á díẹ̀."

"Mo ti fà á. Ìdajì íǹṣì ni kò fi pé. Ìkejì náà rí bẹ́ẹ̀."

Láti ọdún tí mo ti ń ránṣọ, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni. Ọmọ náà ti ń wo tábìlì. Téèpù méjì wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Téèpù kan wà tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀mù. Ó ti pẹ́, ó sì ti fà. Ṣùgbọ́n òun ni mo fi wọn gbogbo oníbàárà mi àtijọ́ sínú ìwé pupa, nítorí náà òun náà ni mo fi ń gé aṣọ wọn, aṣọ wọn sì ń bá wọn mu. Téèpù tuntun wà fún àwọn oníbàárà tuntun, tí wọ́n wà nínú ìwé aláwọ̀ búlúù. N kì í pa wọ́n pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, téèpù àtijọ́ ni mo fi gé ara aṣọ Àlájà, ti tuntun ni ọwọ́ mi mú nígbà tí mo fẹ́ gé apá.

Ọmọ mi tẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó di orí wọn mú. "Ẹ wò ó. Ní íǹṣì méjì, wọn ò jà. Ní ogún, ìdajì íǹṣì ti wà láàárín wọn. Ní ọgọ́ta, ó di íǹṣì kan àbọ̀." Ó fi ìka kan àlàfo àárín wọn. "Màámi! Ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ gan-an nìyí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ìmọ̀ méjì yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ránṣọ tirẹ̀, aṣọ náà sì ń dára. Kò sẹ́ni tó rí àléébù kan. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti gbọ́dọ̀ wọn aṣọ kan ṣoṣo ni apá kì í ti í yí ká."

"Ibo ni aṣọ kan ṣoṣo yẹn wà?"

"Nínú ìràwọ̀ ńlá tó wó sínú ara ẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ gan-an ò lè jáde níbẹ̀. Ó wúwo jù, ó sì tún kéré jù. Àti ìgbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

Mo ní kí wọ́n ju èyí tó fà nù, kó tán.

"Èwo ló fà?"

"Ti àtijọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ṣé o ò rí i bó ṣe gùn ju tuntun lọ ni?"

"Ẹ fi tuntun wọ̀n ọ́n nìyẹn. Tó bá jẹ́ tuntun ló súnkì ńkọ́?"

Mo máa ń sọ pé mo mọ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n n kò fi nǹkan mìíràn wọn tuntun yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

"Ọ̀pá ìwọ̀n kẹta ni wọ́n ń wá," ni ọmọ mi wí. "Èyí tó máa sọ ohun tí àwọn méjèèjì jẹ́."

Mo wá bi í ní èyí tó ń dùn mí jù. "Ṣé kì í ṣe ibi tí Ọlọ́run ò fẹ́ kí a wò lẹ fẹ́ wò yìí?"

Ó mú aṣọ Àlájà, ó yí i síta-sínú, ó ń wo ojú rírán rẹ̀. "Ọmọ iṣẹ́ tó bá tú aṣọ yín wò kó lè mọ bí ẹ ṣe rán an, ṣé ó bú yín ni?"

"Kò bú mi."

"Ẹ máa ń yìn ín ni."

"Tí ẹ bá wá a títí tí ẹ ò rí i?"

"Màá máa ṣe tíṣà ní Fáte nígbà náà. Màá máa sọ fún àwọn ọmọ pé, ẹ wò ó, a wá a débí, ó kù sí ọ̀dọ̀ yín."

Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi fi dún, ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fóònù mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà lè gbọ́ ọ.

"Màmá, nẹ́tíwọ̀kì ti dé o. Ti nọ́ọ̀sì yẹn ti wà nílẹ̀. Kí n tẹ̀ ẹ́?"

Ọmọ mi gbójú sókè. Mo wo téèpù méjì yẹn. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé a kì í gé aṣọ ẹni tí kò tíì dúró kí a wọ̀n ọ́n, n kò sì gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Má tẹ̀ ẹ́," ni mo wí. "Jọ̀ọ́, pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú. Pa á rẹ́."

Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ mi. Kò pariwo. Ó ká téèpù kìíní, ó ká ìkejì, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tirẹ̀. "Ẹ ò wọ̀n mí," ló sọ. Fún ọjọ́ méjì, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ káalẹ́" nìkan ló ń bọ́ sí mi létí. Ó tọ́ sí mi. Ní ọjọ́ kẹta ló ní kí n kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ òun fún òun, mo kó o fún un.

Nígbà tí Àlájà wá gba aṣọ, mo ti gé apá tuntun. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Apá yìí dára. Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nídìí fíṣíìsì rẹ̀, Àlájà."

"Èyí ni pé o ò gbọ́ràn."

Mo kúnlẹ̀. "Mo gbọ́, Àlájà. Mo wọ̀n ọ́n wò ni."

Wọ́n pòṣé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Ó dáa. Tó bá rí nǹkan ọ̀hún, èmi ni kó kọ́kọ́ wá sọ fún o, kí òyìnbó tó gbọ́."

Orúkọ àwọn tí yunifásítì gbà kò tíì jáde. Mo ṣì ń yẹ fóònù wò láìmọye ìgbà lójúmọ́, mo sì ṣì ń ronú irú ẹnu ọ̀nà tí ọmọ mi yóò máa gbà wọlé láàárọ̀. Mo ti ra ọ̀pá ìwọ̀n onírin kan. Mo fi wọn téèpù méjèèjì. Ti àtijọ́ ló fà. Ọmọ mi ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ló wọn ọ̀pá onírin náà?

Ìkìlọ̀ tí mo ti gbà tó mi. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó ń ka èyí. Tí ẹ bá mọ obìnrin kan tó kàwé fíṣíìsì yìí jìnnà, tó ń jẹun, tó ń kírun tàbí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ara rẹ̀ sì le, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan kí ọmọ mi rí i, kí èmi náà rí i. Kò di dandan kó ti rí ohun tí wọ́n ń wá.