Ìwé Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí N Là

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé àwa ọmọ yunifásítì kì í kàwé, inú máa ń bí mi. Èmi fẹ́ kàwé. Ìwé wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, ojú mi kò sì fọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ni kò gbà.

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ni. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, èdè Faransé ni mo lọ kọ́, ìyá mi kò sì yé bi mí pé ta ni mo fẹ́ máa sọ ọ́ fún ní Àkókó. Síbẹ̀ wọ́n ń yan gàrí, wọ́n ń rán mi nílé ìwé. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pírójẹ́ẹ̀tì lórí ìtàn àròsọ Faransé òde òní. Bí n kò bá parí rẹ̀ kí sáà tó tán, àwọn ẹgbẹ́ mi yóò lọ ṣe àgùnbánirọ̀, èmi yóò sì jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, kí n máa bá ìyá mi bó ẹ̀gẹ́.

Láíbírì wa ní ìwé Faransé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún yunifásítì, ìwé àwọn òǹkọ̀wé Faransé òde òní lóríṣiríṣi, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pé fún ìwádìí ìjìnlẹ̀ nìkan ni. Ẹnikẹ́ni kò lè yá wọn lọ sílé. Ibẹ̀ lo máa jókòó kà á sí, lábẹ́ ojú ọ̀gá tó ń tọ́jú wọn, ọmọ Ìkàrẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlájì. Àgbà ni, mo sì mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. Ẹ foríjì mí. Ọ̀wọ̀ náà ti tán lára mi.

Mo rí ìwé tí mo ń wá. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn níbikíbi tí mo mọ̀. Mo ṣí i. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣeé kà, àwọn tó tẹ̀lé e sì padé pọ̀ létí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un nìyẹn: wọ́n á ká bébà ńlá, wọ́n á rán an pọ̀, wọn kò ní gé etí rẹ̀. Ẹni tó bá rà á ni yóò máa fi ọ̀bẹ là á bó ṣe ń kà á lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni eléyìí kò là á kó tó kú. Mo gbé ìwé náà tọ Àlájì lọ, mo ní kó jọ̀ọ́, kó yá mi ní ọ̀bẹ.

"Ọ̀bẹ kẹ̀? Nínú láíbírì?"

"Ẹ wò ó, sà. Wọn ò tíì là á ni."

"Bí mo ṣe gbà á nìyí, bí mo ṣe máa fi í sílẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá ya ìwé níbí, lílé ni wọ́n máa ń lé e."

"Yíya kọ́, sà. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí a là á ni."

"Àwọn tó ṣe é dà? Lọ pè wọ́n wá."

Mo sọ fún súpáfáísọ̀ mi. Òun náà bá àwọn ará láíbírì sọ ọ́, wọ́n ní ó di ìgbà tí ìgbìmọ̀ láíbírì bá jókòó. Ìgbìmọ̀ kò jókòó. Mo ń gun ọ̀kadà láti Ọ̀kà lọ bi wọ́n, wọ́n ń ní òní, wọ́n ń ní ọ̀la. Bó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀, Àlájì á ti tilẹ̀kùn yàrá, á ti lọ kírun ní Ìkàrẹ́. Ìyá mi ní, "Ìwé táa ò gbọdọ̀ ṣí, ṣé ẹrù òkú ni?" Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Tèmi ti darúgbó.

Bí mo ṣe ka ìwé náà nìyí: èyí tó ṣí, mo kà á. Èyí tó padé, mo fi ìka méjì fẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo tẹ orí ba, mo ń yọjú wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ìdí ìkòkò. Kí n tó rí gbólóhùn kan, ọrùn á ti máa dùn mí. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lábúlé lọ sí ìlú ńlá. Nínú ohun tí mo rí kà, kò padà wálé mọ́, ìyá náà sì kú lóun nìkan. Orí méjì ni mo fi bú ọmọ náà nínú pírójẹ́ẹ̀tì mi. Mo pè é ní aláìmoore. Mo sì kọ ọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí rẹ̀, olùdánwò kan wá láti yunifásítì mìíràn, obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò ojú. Ó bi mí pé kí ni mo rí sí alẹ́ tí ọmọ náà padà wálé.

Mo ní kò padà wálé, mà.

Ó ní ṣé mo ka ìwé yìí ṣá? Inú bí mi. Mo ní ibi tí wọ́n jẹ́ kí n kà ni mo kà, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ náà fún wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí láíbírì. Àlájì fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá, ó sì jókòó tì í.

Obìnrin náà wá ojú ìwé kan, ó fi ìdérí bíírò là á, fàà. Àlájì dìde, ó tún jókòó. Wọ́n na ìwé sí mi pé kí n kà á sókè, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́.

Ọmọ náà padà wá lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó kan ilẹ̀kùn, ó dárúkọ ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó fẹ́ àtùpà pa, ó sì jókòó sínú òkùnkùn títí ọmọ fi lọ. Ọmọ tí mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá, ó wálé.

Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan pé kí n ka èyí tó kù, kí n tún orí méjèèjì kọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó di ọdún tó ń bọ̀. Obìnrin náà sọ fún Àlájì pé kó jẹ́ kí n la ìwé náà. Àlájì ní ó ti yé òun.

Mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé kò sí níbẹ̀. Ó ní ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ìwé ṣe. Ọ̀sẹ̀ ti ń lọ sópin kí wọ́n tó gbé e dé. Àlájì gbé e lé mi lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Wò ó, ó ti dà bíi tuntun." Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ìwé tí obìnrin yẹn là pọ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbẹ.

N kò sunkún. Ìbínú kò jẹ́ kí ẹkún ráyè. Mo jókòó, mo yọ káàdì láíbírì mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí rẹ̀ la ìwé náà láti iwájú. Àlájì pè mí, mo ń là á lọ. Ó ní òun ń lọ mú sẹ́kúríìtì wá. Ẹnu géètì jìnnà, ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ sì ti lọ jẹun ọ̀sán. Mo ń là, mo ń kà, mo ń kọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa dé, mo ti ka ojú ìwé tó kẹ́yìn.

Àlájì gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó ní n kò gbọdọ̀ tẹ yàrá yẹn mọ́ láéláé. Mo ní ó dára, sà. Ohun tí màá fi gboyè ti wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi gboyè jáde lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ náà, mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá nígbà tó tún pè mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ìyá yẹn. Ṣé ó padà ṣílẹ̀kùn fún un?"

Mo ní kò ṣí i, sà, títí tó fi kú.

"Ìyá burúkú," ló wí, ó sì mi orí. Ó gbé ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.