Ìṣẹ́jú kan tí Màmá ò lè dákẹ́

Ìṣẹ́jú kan péré ni mo ní kí Màmá mi dákẹ́ lónìí.

Mo fẹ́ máa gba orin mi sílẹ̀ nílé, mo wá ń gba ìdákẹ́ sílẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá káàdì ohùn inú kọ̀ǹpútà mi ń kùn.

Màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n fi Faransé ní, "D'accord," pé àwọn gbà.

Kò pẹ́, ìyá kan tó ń ti ọjà Ìgolò bọ̀ kí wọn láti ìta.

"Ẹ kú àbọ̀ o. Ọjà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ná."

"Wọ́n kí mi, kí n wá yadi?"

Mo fìbínú gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀ padà. Kò kùn rárá. Ohùn Màmá nìkan ló wà níbẹ̀, ó mọ́ gaara.

Káàdì mi dára. Ṣùgbọ́n ta ni màmá tiẹ̀ lè gbọ́ ìkíni kó má dáhùn?