Sípánà mi tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́

Sípánà tí mo rà n'Íkòtún láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀tì kan péré ni mo fi tú, ẹnu ẹ̀ ti fẹ̀.

Èmi tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó kú tí mi ò lè jí dìde ní gbogbo Ìgàndó o. Ó dójú tì mí níwájú kọ́sítọ́mà.

Mo bá pe Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́, tá a jọ máa ń jẹun ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó ń kó lọ s'Ógbómọ̀ṣọ́, mo fún un ní sípánà mi àtijọ́. Mo ní màá ra òmíì, kí ló le níbẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà digbí. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀ ti kógbá wọlé, jàre. Páànù ni wọ́n ń kó wá fún wa báyìí. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

"Má fi ránṣẹ́. Ìwọ gan-an ni kó o gbé e wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará Ìgàndó, ta ló máa wá bá mi jẹun ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la? Ẹ má mú sípánà dání, ẹ ṣáà wá.