Ọ̀sẹ̀ Tí Omi Ẹ̀rọ Kọ̀ Tí Kò Mọ́ ní Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nǹkan kan wà tí ojú mi rí tí mo fẹ́ ròyìn fún yín. Ọmọ àbúrò mi ló fà á. Ó ń ka ẹnjiníà kẹ́míkà ní yunifásítì, ó wá bi mí pé, "Bàbá, bí mi ò bá ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ elépo ńkọ́? Ṣé mi ò ní fìwé-ẹ̀rí jókòó sílé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ba èmi náà rí.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni Lọ́kọ́ja ṣì wà. Àwọn ẹgbẹ́ mi gba Warri lọ sídìí epo. Èmi? Ilé iṣẹ́ omi kékeré kan létí Odò Ọya ni wọ́n gbé mi sí. Ọ̀kan nínú wọn kọ lẹ́tà sí mi, ó ní òun gbọ́ pé mo ti di apọnmi oníwèé-ẹ̀rí.

Bàbá Jímọ̀, ará Ọ̀wọ́rọ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ ìwé kà, ló ń da álọ́ọ̀mù sómi. Álọ́ọ̀mù yìí ló ń kó ìdọ̀tí jọ kó lè rọ̀ sísàlẹ̀. Abọ́ tánganran ló fi ń wọ̀n ọ́n. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé òṣùwọ̀n tuntun kalẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dáa, ẹnjiníà. Ìwọ lo kàwé."

Òjò wá dé. Odò kún, omi pọ́n bí amọ̀. Mo ní kí wọ́n fi álọ́ọ̀mù kún un, kò mọ́. Mo ní kí wọ́n tún fi kún un, ó burú sí i. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ìyá láti àdúgbò Àdánkólò gbé korobá wá sẹ́nu géètì. Ọ̀kan ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn mi, kí òun fi omi mi fọ̀ ọ́ fún mi. Ọ̀gá wa ní Ìlọrin gbọ́. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí omi ò bá mọ́ kí òun tó dé, kí n di ẹrù mi.

Mo to ìgò mẹ́fà sórí tábìlì, mo bu omi odò sí wọn, ìwọ̀n álọ́ọ̀mù tí mo fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Mo pò wọ́n títí, kò sí èyí tó mọ́. Ibẹ̀ ni Bàbá Jímọ̀ bá mi. Ó ti ìka bọ inú èyí tó gbẹ̀yìn, ó lá a, ó fajú ro.

"Ó kan," ó ní. "Ó ń fa ahọ́n. Omi tó bá ti kan báyìí kì í gbọ́ràn sí álọ́ọ̀mù lẹ́nu."

Ojú mi là! Mo ti kà á nílé ìwé: àpọ̀jù álọ́ọ̀mù a máa sọ omi di kíkan, láìmù, ìyẹ̀fun funfun tó dà bí ẹfun, ló sì ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n níbo la ti máa rí láìmù kí ọjọ́ Ẹtì tó pé?

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Kí lo rò pé a fi ń kun òkúta ẹnu géètì bí ọ̀gá bá ń bọ̀? Àpò ẹ̀ kún yàrá ìkẹ́rùsí."

A bu omi odò tuntun sáwọn ìgò, a da láìmù sí i ṣáájú, a dín álọ́ọ̀mù kù. Nínú ìgò kẹta, ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í dì jọ bí òwú, ó ń rọra balẹ̀. Ìwọ̀n yẹn la gbé lọ sí táńkì ńlá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó gbé e sójú oòrùn, ó mu ún tán. Ó bèèrè ẹni tó rí ojútùú rẹ̀. Mo ní ahọ́n Bàbá Jímọ̀ ni.

Bàbá ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Èmi mọ̀ pé ó kan. Òun ló mọ ìwọ̀n tó máa tó o."

Àwọn ìyá Àdánkólò ò wá sẹ́nu géètì mọ́. Kò sẹ́ni tó wá dúpẹ́ pé omi mọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìyìn ńlá nìyẹn.

Láti ibẹ̀ mo dé ilé iṣẹ́ ọṣẹ, mo dé ti sìmẹ́ńtì, mo sì tún padà sídìí omi, mo di ọ̀gá. Mo sọ fọ́mọ náà pé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń sè, tí wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń pò ó pọ̀, àga ẹ̀ wà níbẹ̀. Kó ṣáà má gba abọ́ lọ́wọ́ àgbà kó tó bèèrè ohun tí àgbà mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹni tí kò kàwé tó gba iṣẹ́ yín là? Ẹ sọ fún wa, kí á jọ yìn ín.