Gáréèjì tí Télọ̀ Wọ̀n bí Aṣọ

Bí Télọ̀ bá wa ọkọ̀ rẹ̀ dé iwájú ilé, ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, torí òun ni alábòójútó òkúta. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ náà ti kú tipẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí òkúta ò bá tètè dé abẹ́ táyà, ọkọ̀ á lọ kí wọn. Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wó ọgbà wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì. Aládùúgbò ní bó bá tún wá, àwọn ò ní jẹ́ kó padà mọ́.

Ni Télọ̀ bá ní òun máa kọ́ gáréèjì tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká pe bíríkìlà."

"Èmi tí mò ń rán kóòtù? Ṣé ilẹ̀ wá le ju kóòtù lọ ni?"

Ó fi téèpù kọ́rùn. Bó ṣe máa ń wọn etí síkẹ́ẹ̀tì láti ilẹ̀ ló ṣe wọn ìpìlẹ̀: búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta lápá òkè ilẹ̀, ìlà mẹ́ta lápá ìsàlẹ̀. Ó dọ́gba yíká lóòótọ́, ó sì dà gẹ̀rẹ́ bí ilẹ̀ tó gbé e.

Ìyàwó gbé abọ́ omi tó kún dẹ́nu lé e lórí. Apá ìsàlẹ̀ ni omi gbà dànù.

"Omi náà ti mọ ilé aládùúgbò," ló wí.

"Bóyá abọ́ yẹn ni ò gún."

"Abọ́ tí ìyá mi fún mi? Ó ti gún kí n tó mọ̀ yín!"

Télọ̀ fa ojú ro wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó bẹ Ọlọ́run kó tètè là á lójú, torí sìmẹ́ǹtì kì í dúró de àdúrà. Kóòtù olórí akọrin, ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ló wà níwájú Télọ̀. Ó ń ti fóòmù bọ èjìká kóòtù tó rẹlẹ̀ náà lọ́wọ́, kó lè ga bá èkejì, nígbà tó fò dìde.

"Ìyá wọn! Fóòmù la gbàgbé!"

"Ẹ fẹ́ fi fóòmù kọ́ gáréèjì?"

"Èjìká tó rẹlẹ̀ là ń kún!"

Ó to búlọ́ọ̀kù kún apá ìsàlẹ̀ títí ó fi bá tòkè mu, ó kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ sáàárín, ó gún un, ó da kọ́ńkéré lé e. Abọ́ padà dé. Omi jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí tíṣà ń wò.

Lọ́jọ́ tí gáréèjì parí tí ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ìyàwó ṣì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Ọkọ̀ ò mira.

"Sọ òkúta yẹn nù," ni Télọ̀ wí, ó ń wú bíi búrẹ́dì.

"Kí n sọ ọ́ nù kẹ̀?" Ó gbé òkúta rẹ̀ mọ́yà. "Ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn ò ṣeé tì, ó ṣì ń retí rẹ̀."